Ọ̀rọ̀ Ilé: Ọmọ Ológbò Nínú Ilé Kékeré

 

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá ilé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà Tàkíé. Yàrá kan àti pálọ̀ ni òun, ọkọ rẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ mẹ́ta ń gbé. Èkúté ni ó kọ́kọ́ ń yọ wọ́n lẹ́nu: wọ́n dá àpò èlùbọ́ lu, wọ́n sì jẹ etí ìwé orin. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó gba ọmọ ológbò kan lọ́wọ́ aládùúgbò. Nísinsìnyí, ó ní wàhálà ọmọ ológbò náà ti ju ti èkúté lọ. Ó gun aṣọ fèrèsé títí aṣọ náà fi ya. Ó gbé orí ẹja nínú ìkòkò ọbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Ó ya ọmọ tí ó kéré jù lọ́wọ́. Ó ń ṣu sínú eérú ààrò. Bí ó bá sì di aago mẹ́rin òru, a máa sáré lórí àwọn tí ó sùn bí ẹni pé ẹṣin ni. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti pàṣẹ pé kí wọ́n dì í sínú àpò, kí wọ́n gbé e sọ sí ẹ̀bá ọ̀nà Ìlọrin, nítorí, gẹ́gẹ́ bí ìyá náà ti wí, ohun tí kì í sùn lóru kì í ṣe ohun rere. Obìnrin náà wá bi wá léèrè pé: kí òun máa tọ́jú rẹ̀ ni, tàbí kí òun gbé e jù nù?

Ìdáhùn wa ni pé kí ó má ṣe gbé e jù nù. Kì í ṣe òun nìkan ni irú èyí ń bá, nítorí náà a ó fi gbogbo àyè wa ti ọ̀sẹ̀ yìí sọ ọ́.

Ohun kan wà nínú ìwé náà tí ẹni tí ó kọ ọ́ kò kà sí bàbàrà. Ó ní nígbà tí wọ́n gbé ọmọ ológbò náà dé, ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni, kò sì tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa. Ojú ọmọ ológbò a máa là láàárín ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 14 tí a bí i. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò tíì pé oṣù kan nígbà tí wọ́n já a gbà lẹ́nu ọmú. Ó yẹ kí ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ títí yóò fi di ọmọ ọ̀sẹ̀ 8, ó kéré tán. Kì í ṣe ọmú nìkan ni ó ń gbà níbẹ̀. Níbi tí òun àti àwọn tí a bí wọn pọ̀ ti ń jà, tí wọ́n ń bu ara wọn jẹ, ni ó ti ń kọ́ bí ehín ti ń mú tó. Èyí tí ó bá bu èkejì rẹ̀ jẹ jù, èkejì a ké, a sì fi í sílẹ̀ nínú eré. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, yóò mọ ìwọ̀n. Èyí tí a mú wá kí ó tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí kò mọ̀ pé awọ ọmọ ènìyàn kò ní irun tí í gbà á lọ́wọ́ èékánná. Àwa ni ó kù tí a ó kọ́ ọ.

Bí a ó ti kọ́ ọ ni pé, bí ó bá bu ni jẹ nínú eré, kí eré parí lójú ẹsẹ̀. Kí a dá ọwọ́ dúró, kí a má fà á yọ pẹ̀lú ipá, nítorí ohun tí ń sá ni ológbò ń lé. Kí a dìde, kí a kọ ẹ̀yìn sí i. Kí gbogbo ilé sì fi ohùn ṣọ̀kan pé a kò ní fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá a ṣeré mọ́. Bàbá tí ń mi ìka ẹsẹ̀ sí i lábẹ́ aṣọ ìbora ní alẹ́, tí ó wá ń bínú ní òwúrọ̀ pé ó bu òun lẹ́sẹ̀ jẹ, ẹ̀bi ta ni?

Ní ti eré òru, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù, a sì fẹ́ kí àwọn òǹkàwé wa fara balẹ̀ kà á. Ológbò kì í ṣe ẹranko ọ̀sán gẹ́gẹ́ bí adìẹ, kì í sì í ṣe ti òru pátápátá bí òwìwí. Ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú àti ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́ ni ara rẹ̀ ń yá jù, nítorí àwọn àkókò méjèèjì yìí ni èkúté ń jáde. Nínú wákàtí 24, ó lè fi 12 sí 16 sùn. Ẹ wá wò ó: bàbá lọ sí ibi iṣẹ́, ìyá lọ sí ọjà, àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé, ilé dákẹ́ rọ́rọ́, ọmọ ológbò sì sùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí gbogbo yín bá dé, tí ó rẹ̀ yín, ìgbà náà ni ọjọ́ tirẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń ṣe oríkunkun sí yín. Ó jí ni.

Ìṣe ọdẹ ni a dá mọ́ ọn. Yóò ṣọ́, yóò fò mọ́ ọn, yóò pa á, yóò jẹ ẹ́, yóò lá ara rẹ̀ mọ́, yóò sì sùn. Bí a bá fẹ́ kí ó sùn nígbà tí àwa ń sùn, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó rọrùn: kí a mú un gba ọ̀nà yìí kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí a tó pa fìtílà. Ẹ so ìyẹ́ adìẹ kan mọ́ okùn, ẹ so okùn náà mọ́ orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gùn bí apá, ẹ máa wọ́ ọ nílẹ̀ bí èkúté ti ń rìn, kí ó máa sá, kí ó máa fara pamọ́ sẹ́yìn àga, kí ó máa dúró díẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 tàbí 15 tó. Ẹ jẹ́ kí ó mú un nígbẹ̀yìn, nítorí ọdẹ tí kò rí ẹran pa kì í fẹ́ lọ sílé. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó fún un ní oúnjẹ alẹ́ rẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ ọjọ́ náà. Yóò jẹ, yóò lá ara, yóò sì sùn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè ṣe iṣẹ́ yìí, yóò sì dùn mọ́ ọn ju iṣẹ́ ilé yòókù lọ. Ṣùgbọ́n kí a gbé okùn náà pamọ́ nígbà tí eré bá parí, pẹ̀lú gbogbo òwú ìránṣọ, nítorí bí ó bá gbé òwú mì, ó lè lọ́ mọ́ ìfun rẹ̀ kí ó sì pa á.

Bí ó bá ṣì ń ké ní ìdájí fún oúnjẹ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dìde fún un. Bí ẹ bá dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ti kọ́ ọ pé igbe ń mú oúnjẹ wá, yóò sì ké títí oṣù yóò fi lé. Ẹ fi etí dídi sí i. Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ yóò burú, lẹ́yìn náà yóò rọ̀.

Ti olè jíjà kò tó nǹkan. A kò fún ológbò ní òfin mẹ́wàá. Ìkòkò tí a ṣí sílẹ̀, ẹran tí a gbé sórí tábìlì, gẹ́gẹ́ bí ohun tí a pèsè fún un ni ó rí i. Kí a fi ọmọrí bo ìkòkò, kí a gbé òkúta lé e, kí a sì fi ẹja sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ó ní kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ohun tí a ń fún un jẹ. Nínú ilé púpọ̀, ọ̀rúnlà àmàlà àti èkọ tí ó ṣẹ́kù ni oúnjẹ ológbò, a ó sì ní kí ebi lé e sí ẹ̀yìn èkúté. Èyí kò tọ́. Èròjà kan wà nínú ẹran àti ẹja tí ara ológbò kò lè fúnra rẹ̀ ṣe tó. Bí kò bá rí i jẹ, ojú rẹ̀ lè fọ́, ọkàn rẹ̀ a sì di aláìlera. Orí ẹja, ìfun adìẹ tí a sè, ẹja gbígbẹ wẹ́wẹ́ tí a rẹ sómi kí iyọ̀ àti ata lè kúrò, ìwọ̀nyí kò wọ́n púpọ̀ ní Tàkíé tàbí ní ọjà Jagun. Kí ọmọ ológbò jẹun díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́, nítorí náà kí a má fún un ní ọbẹ̀ wa. Egungun adìẹ tí a ti sè a máa ṣẹ́ sọnsọ, ó lè há a lọ́fun. Wàrà màlúù tí gbogbo ènìyàn rò pé oúnjẹ rẹ̀ ni a sì máa ṣu ọ̀pọ̀ wọn nígbà tí wọ́n bá ti já lẹ́nu ọmú; omi tútù tó fún un. Ológbò tí ó yó ń pa èkúté, nítorí kì í ṣe ebi nìkan ni ó ń lé e sí ọdẹ.

Ìyá tí ó kọ̀wé sí wa yóò rẹ́rìn-ín nígbà tí ó bá mọ ìdí tí ó fi ń ṣu sínú ààrò. Ohun tí ó fúyẹ́, tí ó ṣeé gbẹ́, tí ó sì ṣeé fi bo ìgbẹ́ ni ológbò ń wá láti ìgbà èwe rẹ̀. Nínú yàrá tí a fi sìmẹ́ńtì tẹ́ sílẹ̀, níbo ni ó tún lè rí irú rẹ̀ bí kò ṣe eérú? Ìwà mímọ́ ni ó ń hù. Ẹ kó yanrìn gbígbẹ sínú bàsíà pẹlẹbẹ tí kò ga jù fún un láti wọ̀, ẹ gbé e sí igun tí kò sí lójú ọ̀nà, tí ó sì jìnnà sí ibi tí ó ti ń jẹun. Ẹ kó eérú kúrò nínú ààrò, tàbí kí ẹ fi páànù bò ó ní alẹ́. Lẹ́yìn oúnjẹ àti lẹ́yìn oorun, ẹ gbé e sínú yanrìn náà. Ọjọ́ díẹ̀ ni yóò fi mọ̀ ọ́n. Kí a máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ dànù lójoojúmọ́, nítorí kòkòrò àrùn kan lè wà nínú rẹ̀ tí í pa oyún lára, ṣùgbọ́n tí kì í lè ran ènìyàn títí yóò fi pé ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ilẹ̀. Aboyún kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí rárá. Kí ọkọ rẹ̀ bá a ṣe é, kí ó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Ní ti aṣọ fèrèsé àti àga tí ó ń ya, kò sí ẹni tí ó lè gba èékánná lọ́wọ́ ológbò. Ó níláti máa họ nǹkan kí èékánná lè mú, kí iṣan rẹ̀ sì nà. Ẹ wá ìtì igi kan tí kò ní mì, ẹ fi okùn tàbí àpò kókò wé e yíká, ẹ gbé e sí ẹ̀bá ibi tí ó ń sùn sí, nítorí bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni ó máa ń họ nǹkan jù. Ẹ ká aṣọ fèrèsé sókè fún oṣù méjì. Ẹ̀yin tí ilé yín kéré, ẹ má gbàgbé pé ilé kékeré ní òkè. Ológbò kì í wo fífẹ̀ yàrá nìkan. Bí ẹ bá fi pákó kan sí ara ògiri, tàbí tí ẹ ṣá orí kọ́bọ́ọ̀dù fún un, yóò gòkè lọ jókòó síbẹ̀, yóò máa wò yín nílẹ̀ bí ọba, àyè yóò sì gba gbogbo yín.

Nínà ńkọ́? A mọ̀ pé ibi tí ọwọ́ kọ́kọ́ ń lọ nìyẹn. Àwọn ẹlòmíràn a tilẹ̀ máa ti imú rẹ̀ bọ inú ìgbẹ́ tí ó ṣu. Ológbò kò lè so ìyà pọ̀ mọ́ ohun tí ó ṣe ní wákàtí kan sẹ́yìn. Ẹni tí ó nà án nìkan ni yóò mọ̀, yóò sì máa sá fún un, yóò máa ṣu sí abẹ́ ibùsùn níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Bí ẹ bá bá a lẹ́nu rẹ̀, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ibi tí ó yẹ. Àwọn ọmọ yín ń wò yín. Ìwé Òwe, orí 12, ẹsẹ 10, kọ́ wa pé olódodo a máa ka ẹ̀mí ẹran rẹ̀ sí, ọmọ sì lè kọ́ ẹsẹ yẹn lórí kò sí ìṣòro ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, kí ó sì dé ilé rí ìyá rẹ̀ tí ń fi ìgbálẹ̀ lu ẹran tí kò tó oṣù mẹ́ta.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ, èyí sì ni ó nira jù. A kò fẹ́ kí ìyàwó ilé fi ìwé ìròhìn bá àgbàlagbà jà. Àwọn ìyá wa gbọ́ láti ẹnu ìyá wọn pé àjẹ́ ni í gun ológbò, pàápàá èyí tí ó dúdú, ẹ̀rù tí ó bà wọ́n kì í ṣe ti àná. Ṣùgbọ́n ìlú tí Bowen mú ìhìn rere wọ̀ ní 1855, kò yẹ kí a ṣì máa bẹ̀rù ẹran tí ń ṣọ́ èlùbọ́ wa. Ojú rẹ̀ tí ń tàn lóru, awọ dídán kan ni ó wà lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀ tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, kí ó lè ríran níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀. Ti ewúrẹ́ pẹ̀lú ń tàn bẹ́ẹ̀. Igbe tí ó dà bí ti ọmọ ọwọ́, abo tí ń wá akọ ni. Nínú ìwé 66 tí ó wà nínú Bíbélì wa, a kò dárúkọ ológbò níbì kan. Nínú Lẹ́tà Jeremáyà, èyí tí àwọn Kátólíìkì kà mọ́ ìwé Bárúkù, ni a ti mẹ́nu kàn án, orí àwọn òrìṣà ni ó sì jókòó lé níbẹ̀, tí wọn kò lè lé e! Ní 2004, àwọn onímọ̀ ròyìn ibojì kan tí a wú ní erékùṣù Sípírọ́ọ̀sì, níbi tí a ti sin ènìyàn àti ológbò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní nǹkan bí ọdún 9,500 sẹ́yìn. Níbi tí a ti ń kó ọkà pamọ́ ni èkúté ń wá, ibi tí èkúté ń wá ni ológbò ń bọ̀.

Kí ìyàwó mú omi tútù fún ìyá ní ìrọ̀lẹ́, kí ó kúnlẹ̀, kí ó sì wí pé: "Ẹ ṣeun, Ìyá, tí ẹ ń ṣọ́ ilé yìí fún wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i nítorí tèmi. Bí kò bá yí padà, a ó wá ilé mìíràn fún un, a kò ní jù ú sígbó." Kí ó sì bẹ ìyá pé kí wọ́n jẹ́ ẹni tí yóò máa fún un ní orí ẹja ní alalẹ́. Ológbò kì í pẹ́ mọ ọwọ́ tí ń bọ́ ọ. Ìgbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara nu ẹsẹ̀ wọn, tí ó ń hàn-ùn lábẹ́ àga wọn, a kò rò pé ẹjọ́ náà yóò le mọ́.

Ní kíákíá, àwọn ohun tí ó lè di ikú. Hóró paracetamol kan ṣoṣo lè pa ológbò, nítorí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè ṣe é; ẹ má ṣe fún un nítorí pé ara rẹ̀ gbóná. Bí ẹ bá ń lo májèlé èkúté tàbí ọ̀tápíápíá nínú ilé, ẹ kò gbọdọ̀ ní ológbò pẹ̀lú rẹ̀: èkúté tí ó jẹ májèlé ni ológbò yóò jẹ, kí a má tilẹ̀ tíì sọ ti àwọn ọmọ wa. Bí ológbò bá bu ènìyàn jẹ tàbí ó ya á tí ẹ̀jẹ̀ jáde, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí àrùn dìgbòlugi kì í ṣe ti ajá nìkan, nígbà tí àmì rẹ̀ bá sì ti hàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí í yè é. Ológbò tí ó bá pé oṣù mẹ́ta yẹ kí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Kí a má sì rò pé nítorí pé a ní ológbò, a lè ṣí èlùbọ́ àti gààrì sílẹ̀. Ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 ní ìlú Lassa ní Borno, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ èkúté lórí oúnjẹ ni ó ń gbà wọlé. Ọmọrí tí ó dé gírígírí ni ó ń dá a dúró.

Bí ọmọ ológbò náà bá jẹ́ abo, kí wọ́n má fi falẹ̀. Láti oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ. Nǹkan bí ọjọ́ 63 sí 65 ni oyún rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún ni yóò sì kún yàrá kan àti pálọ̀. Iṣẹ́ abẹ kan wà tí kì í jẹ́ kí ó lóyún mọ́. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹranko ní ìlú. Bí wọn kò bá rí, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà, nǹkan bí 100 kìlómítà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Inú agbọ̀n tí ó ní ìdérí, pẹ̀lú aṣọ tí ó ti ń sùn lé tẹ́lẹ̀, ni kí wọ́n gbé e sí nínú ọkọ̀, kí wọ́n má sì fún un ní oúnjẹ púpọ̀ kí wọ́n tó gbéra.